Ṣọlá, bá mi fi fọ́tò rélùwéè wọ̀nyí han Bàbá

Ìlọrin

Ṣọlá ọ̀rẹ́ mi,

Ẹ kú òtútù o, ìwọ àti Bàbá àti àwọn ọmọ. Mo gbọ́ pé yìnyín ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ yín ní Kánádà, kí Ọlọ́run máa ṣọ́ yín. Ọyẹ́ ti dé bá àwa náà, ètè gbogbo èèyàn ti bó, ṣùgbọ́n a dúpẹ́, ara le.

Bàbá gan-an ni mo torí wọn kọ lẹ́tà yìí. Ṣebí o mọ̀ pé látìgbà tí mo ti ra kámẹ́rà ni mo ti ń tọ ojú irin kiri, láti Ìlọrin sí Ajàṣẹ́ dé Ọ̀ffà, tí mò ń ya gbogbo nǹkan rélùwéè tí wọ́n ti pa tì, kọ́tàsì tí òrùlé ẹ̀ ti wọlé, ilé tí àwọn P-way, ìyẹn àwọn tó ń tún ojú irin ṣe, ń sùn sí nínú igbó, òpó sígínà, wágọ́nù tí koríko ti hù gba inú ẹ̀ jáde. Fọ́tò náà ti pọ̀, wọ́n sì dáa, mo lè fọwọ́ sọ̀yà. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan tí mo yà ni mi ò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe, mo bi àwọn ará àdúgbò, àwọn náà ò mọ̀, torí ọmọdé ni wọ́n nígbà tí iṣẹ́ yẹn ti ń lọ sílẹ̀. Bàbá mọ̀. Ìdí rélùwéè ni wọ́n ti lo ayé wọn.

Wo fọ́tò táńkì omi. Àwọn èèyàn rò pé omi tí àwọn ará kọ́tàsì ń mu ló wà fún, injìnì ló ń mu ún! Injìnì elédùú ayé ijọ́un, omi ló ń sè, ooru omi yẹn ló ń ti irin tó ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀, tí omi bá wá gbẹ nínú ẹ̀ lójú ọ̀nà, wàhálà ti dé nìyẹn, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbé táńkì sí ẹ̀bá ojú irin kó lè máa dúró mu. Nígbà tí injìnì onídísù dé, táńkì ò níṣẹ́ mọ́. Oòrùn àárọ̀ kùtù ni mo fi yà á, torí ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà wá nígbà yẹn, gbogbo orí nọ́ọ̀tì ló yọ níkọ̀ọ̀kan, ibi tó ti dógùn-ún sì pọ́n bí epo. Oòrùn ọ̀sán ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láé, ńṣe ló ń sọ irin di pẹlẹbẹ.

Mo ya ojú irin fúnra ẹ̀ náà. Tó o bá wo fọ́tò yẹn dáadáa wàá rí lẹ́tà tí àwọn tó rọ ọ́ tẹ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, pẹ̀lú ọdún. Sílípà abẹ́ ẹ̀, ìyẹn ìdábùú tí wọ́n to ojú irin lé, irin ni, torí ikán. Igi wo lèèyàn máa tẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ wa níbí tí ikán ò ní jẹ? Mo fi téèpù wọn àárín irin méjèèjì, 1067 mm, bó ṣe wà nínú ìwé gẹ́lẹ́. Ti tuntun tó ń ti Èkó lọ sí Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní 2021, 1435 mm ni tiẹ̀, kò sì tíì kọjá Ìbàdàn. Èyí tó wà lọ́dọ̀ wa ṣì ni ti àwọn bàbá ńlá wa, èyí tó dé Òṣogbo ní 1907, tó dé Ìlọrin ní 1908, tó dé Jẹ́bà ní 1909, tí wọ́n wá ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé wágọ́nù kọjá Odò Ọya títí wọ́n fi parí afárá ní 1916. Rò ó wò ná, wágọ́nù lórí ọkọ̀ ojú omi!

Kọ́tàsì yín ní Ọ̀ffà náà wà níbẹ̀. Òrùlé iwájú ti lọ, ṣùgbọ́n igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé ṣì ń so. Ṣé o rántí bí àwọn ìyá oníànàmọ́ ṣe máa ń sáré tọ fèrèsé kóóṣì kí rélùwéè tó gbéra?

Èyí tó ń dùn mí jù ni àwọn tó ń ra irin kóńdẹ́ẹ̀mù. Ohun tí mo yà lóṣù yìí, tí mo bá fi máa padà débẹ̀, wọ́n ti gé e lọ. Nínú ọ́fíìsì téṣọ̀n kan, ìdúró irin kan ló kù, wọ́n ti yọ ohun tó wà lórí ẹ̀. Mo rò pé ibẹ̀ ni ẹ̀rọ tókìn wà, tókìn yẹn ni àmì àṣẹ tí díráfà ń mú dání, ẹ̀rọ náà ni wọ́n sì fi so téṣọ̀n méjì pọ̀ kó má lè yọ ju tókìn kan ṣoṣo lọ, kí ọkọ̀ méjì má bàa pàdé lójú irin kan náà, torí díráfà tí ò bá gba tókìn lọ́wọ́ ò gbọ́dọ̀ gbéra. Bàbá ló lè sọ bóyá òun ni. Tí wọn ò bá sọ ọ́, irin lásán ni fọ́tò yẹn máa jẹ́ lójú àwọn ọmọ wa.

Àwọn kan ń bi mí pé kí ni mò ń ya ahoro fún. Mo ní ahoro kọ́, ibi iṣẹ́ àwọn bàbá wa ni, òun ló rán wa lọ sílé ìwé.

Mo ti kọ nọ́ńbà sẹ́yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sán ni kó o fi hàn wọ́n, torí ojú wọn, kó o sì gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù, má dá wọn dúró tí wọ́n bá ya sórí ọ̀rọ̀ míì, ibẹ̀ gan-an ni nǹkan máa ń wà. Béèrè fún mi nípa nọ́ńbà 14 àti 22 kíákíá, torí mo fẹ́ padà síbẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Tí fọ́tò tí wọ́n ti wọ yunifọ́ọ̀mù bá sì wà nínú álíbọ́ọ̀mù wọn, jọ̀ọ́ yà á ránṣẹ́ sí mi.

Bá mi dọ̀bálẹ̀ kí wọn.

Èmi ni,
Mùfú