Ojo kọ́ ni John Lewis

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ wa tí inú mi kì í dùn sí. Tí a bá ti mẹ́nu ba àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tó jà fún ẹ̀tọ́ wọn láì di ohun ìjà mú, wọ́n á ní ojo ni wọ́n, pé ọkùnrin wo ni wọ́n máa gbá létí tí kò ní gbá padà.

John Lewis ni màá fi dá wọn lóhùn, ọmọ àgbẹ̀ láti ẹ̀bá ìlú Troy ní Alabama. Kí òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó lọ jókòó sídìí káńtà oúnjẹ tí wọn kì í ti í dá aláwọ̀ dúdú lóhùn ní Nashville lọ́dún 1960, ọ̀dọ̀ James Lawson ni wọ́n ti gba ẹ̀kọ́. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni Lawson, ó ti gbé ní Íńdíà, ó sì mọ ọ̀nà Gandhi, ìyẹn ìjà láì lo ipá, dunjú. Níbi ẹ̀kọ́ yìí, àwọn kan á ṣe bí ọ̀tá: wọ́n á bú èkejì wọn, wọ́n á tì í ṣubú lórí àga, wọ́n á fín èéfín sìgá sí i lójú. Ẹni tí kò bá lè pa á mọ́ra, inú yàrá yẹn ló ti máa mọ̀, kì í ṣe níwájú àwọn jàǹdùkú. Ojo wo ló ń fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún irú èyí? Nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún ọdún yẹn, ilé ìtajà mẹ́fà ti ń ta oúnjẹ fún aláwọ̀ dúdú lórí káńtà kan náà.

Ní ọjọ́ keje oṣù kẹta 1965, Lewis àti Hosea Williams, ajàfẹ́tọ̀ọ́ bíi tirẹ̀, ló ṣáájú nǹkan bí 600 èèyàn gun afárá Edmund Pettus ní ìlú Selma ní Alabama, torí ẹ̀tọ́ láti dìbò. (Orúkọ ọ̀gágun kan tó jà kí oko ẹrú má baà parí ló wà lára afárá náà títí dòní, ẹ gbọ́ nǹkan!) Lewis gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn: ìwé méjì, ápù, ọsàn, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín. Ó ti mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí òun sun àtìmọ́lé. Kóńdó àti tajútajú ni àwọn ọlọ́pàá fi pàdé wọn, wọ́n lù ú títí agbárí rẹ̀ fi sán. Síbẹ̀, kó tó lọ sí ilé ìwòsàn, ó dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì Brown Chapel, ó bèèrè bí Ààrẹ Johnson ṣe lè rán ọmọ ogun lọ sí Vietnam tí kò lè rán wọn wá sí Selma. Kò na ọwọ́ sí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kò pa ẹnu mọ́. Oṣù kẹjọ ọdún yẹn ni Johnson buwọ́ lu òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò.

Mi ò sọ pé ó rọrùn. Bóyá èmi gan-an ò ní lè ṣe é. Ọ̀kan nínú àwọn tó lu Lewis ní ibùdókọ̀ ìlú Rock Hill ní South Carolina lọ́dún 1961 wá bá a ní Washington ní 2009 láti tọrọ àforíjì. Lewis dì mọ́ ọn.

Ẹ jọ̀wọ́, tí ẹ bá tún ń kọ nípa Martin Luther King ní oṣù kìíní, ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ tí Lawson kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyẹn. Ọdún 2024 ni bàbá náà kú, lẹ́ni ọdún 95, ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò sì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn