Ẹ Wọn BP Aláboyún Kí Ẹ Tó Bèèrè Káàdì

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi gbé e jáde, kí àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn alákòóso ilé ìwòsàn àti àwa ìyá tí a bí ọmọ obìnrin lè kà á.

Ní Sátidé kan lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin mi pè mí pé orí ń fọ́ òun láti àárọ̀, pé bí òun bá wo iná, ṣe ló ń ṣe yẹ́kẹ́yẹ́kẹ́ lójú òun. Oyún rẹ̀ ti pé ọ̀sẹ̀ 33. Ó ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé òrùka kò bọ́ mọ́ lọ́wọ́ òun, pé ojú òun máa ń wú tí ilẹ̀ bá mọ́. Èmi ìyá rẹ̀ ni mo dá a lóhùn pé bí oyún ṣe ń ṣe nìyẹn, bóyá ọkùnrin ló wà níbẹ̀. Mo kábàámọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn títí di òní.

Ọkọ rẹ̀ gbé e lọ síbi tó ti forúkọ sílẹ̀. Wọ́n ní Túsìdeè ni ọjọ́ aláboyún, kó lọ lo paracetamol, kó sì sinmi. Kò sẹ́ni tó wọn BP rẹ̀, ìyẹn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó tọ̀ sínú ike.

Ọpẹ́lọpẹ́ aládùúgbò wọn kan, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Bó ṣe rí ojú ọmọ náà, ó ní kí wọ́n má wulẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Níbi kejì tí wọ́n dé, agbẹ̀bí tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kò tíì mọ orúkọ rẹ̀ tó fi wọn BP: 170 lórí 110. Wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, protein kún inú rẹ̀. Ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ owó.

Pre-eclampsia ni àwọn dókítà ń pe àìsàn yìí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20 ló sábà máa ń yọjú. Bí BP bá dé 140 lórí 90, ó ti tó kí wọ́n fojú sí i. Bó bá dé 160 lórí 110, ewu ti wọlé. Gìrì ló ń fà lẹ́yìn, tí obìnrin á ṣubú lulẹ̀, tí àwọn kan á ní ayé ló ń ṣe é. Abẹ́rẹ́ magnesium sulphate ni wọ́n fi ń dènà rẹ̀, kì í sì í ṣe oògùn olówó gọbọi.

Ohun tí mo rí ní wọ́ọ̀dù ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́. Wọ́n ń ka bó ṣe ń mí. Wọ́n ń wọn ìtọ̀ tó ń sun sínú àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n á tún mú òòlù kékeré kan, wọ́n á fi kan eékún rẹ̀ láti wò ó bóyá ẹsẹ̀ yóò ta. Ẹ̀rù bà mí, mo bi agbẹ̀bí léèrè. Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé pé bí abẹ́rẹ́ náà bá pọ̀ jù lára, ó lè dá èémí dúró, ṣùgbọ́n kó tó débẹ̀, ẹsẹ̀ á ti kọ̀ láti ta, ẹ̀rọ̀ rẹ̀ sì wà nítòsí òun. Wọ́n ń gbọ́ bí ọkàn ọmọ inú rẹ̀ ṣe ń lù. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ yóò fi tètè gbó. Lọ́jọ́ kẹta, BP kọ̀ kò wálẹ̀, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ọmọ náà kéré, ṣùgbọ́n ó ké. Wọn kò tètè dá ìyá rẹ̀ sílẹ̀, torí gìrì yìí lè mú obìnrin lẹ́yìn tó ti bímọ tán.

Olóòtú, ọmọ mi kò pa ọjọ́ kankan jẹ níbi àkọ́kọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ láti 2016 pé kí aláboyún rí elétò ìlera ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹjọ. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àìsàn yìí kò dúró de Túsìdeè. Àjọ yìí kan náà ṣírò rẹ̀ pé ní 2020, nǹkan bí 82,000 obìnrin ni oyún àti ìbímọ pa ní Nàìjíríà, nínú nǹkan bí 287,000 ní gbogbo ayé. Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ yòówù kí aláboyún wọlé pẹ̀lú ẹ̀dùn, ẹ wọn BP rẹ̀, ẹ yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, ká tó sọ̀rọ̀ káàdì. Ẹ̀yin ará Oǹdó ẹ ó rántí pé nígbà ètò ìtọ́jú aláboyún tí wọ́n ń pè ní Abíyè, tí ìjọba Gómìnà Mímikò bẹ̀rẹ̀ ní 2009, wọ́n fún àwọn aláboyún ní fóònù kí wọ́n lè pe elétò ìlera. A mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ẹ̀yin ọmọ mi obìnrin, bí ọlẹ̀ tó ti ń sọ nínú yín bá dákẹ́ tàbí tó dín kù, ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní ọmọ ti tóbi, kò ráyè yí mọ́. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ.

Mo padà lọ síbi àkọ́kọ́ yẹn lóṣù tó kọjá láti bá ọ̀gá wọn sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ mi, ó sì kí mi kú ewu ọmọ. Ṣùgbọ́n pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà wọn kò yí padà: ọjọ́ aláboyún, Túsìdeè, aago mẹ́jọ àárọ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan lábẹ́ rẹ̀ fún ẹni tí orí bá ń fọ́ ní Sátidé.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìbejì,
Àkúrẹ́.