Ẹ̀sùn lórí Àmì Etí Màlúù Tí Ẹ Tà fún Wa

Òkè-Ògùn,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Ìtajà.

Ẹ̀yin Alàgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀sùn wa dá lórí 200 àmì etí màlúù, ẹ̀mú tí a fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí, àti ẹ̀rọ tó ń kà á, tí a rà papọ̀ lọ́wọ́ yín.

Nọ́ńbà ló dùn wá jù. Ẹyọ 15 ni nọ́ńbà inú àmì kọ̀ọ̀kan. Nínú ISO 11784, ìlànà àgbáyé fún nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹran, ẹyọ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló ń sọ orílẹ̀-èdè tàbí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é: 566 ni ti Nàìjíríà, ti ilé-iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ láti 900. Gbogbo tiyín, 999 ló fi bẹ̀rẹ̀. Àmì ìdánwò ló ń jẹ́ 999, kò sì pọn dandan kí nọ́ńbà irú wọn yàtọ̀ síra. Abájọ tí 12 nínú wọn fi jọra ní méjì-méjì!

Bí màlúù kan bá dín nígbà tí agbo wọlé nírọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ náà kò gbọdọ̀ di ọ̀la. Inú ìwé la ti ń mọ èyí tó dín. Lẹ́yìn náà la ó fi nọ́ńbà rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀, bí ìwo rẹ̀ ṣe tẹ̀ àti fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn gáà tó wà nítòsí, kára, àgọ́ ọlọ́pàá àti odò ẹran. Ìdájí ni wọ́n ń pa ẹran. Bí wọ́n bá ti bó awọ tán, etí ti lọ, àmì ti bá a lọ. Màlúù wa kan tó sọnù tí a rí ní kára, nígbà tí ẹ̀rọ ka etí rẹ̀, ẹran méjì ló bá a mu nínú ìwé wa: akọ kan, àti abo tó lóyún. Ta ni yóò gba irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀mú ńkọ́? Abẹ́rẹ́ rẹ̀ kúrú, orí akọ àmì (apá tó ń gún etí) kì í wọ inú abo rẹ̀ (apá tó ń gbà á mú) tán. Ibi tó yẹ la tẹ̀ ẹ́ sí: àárín etí, láàárín eegun rírọ̀ méjèèjì, níbi tí kò sí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá. Àwọn tó wọlé pàápàá fún etí pọ̀, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí àmì máa yí bí a bá fi ìka kàn án. Etí wú, eṣinṣin yé sí i, ìdin dé. 34 ti já. Yíǹkì ara àwọn tó kù náà ti ń ṣí lóòrùn.

Òǹtajà yín ní ẹ̀rọ náà yóò máa fi ibi tí màlúù wà hàn wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àmì tí kò ní bátìrì kì í fọhùn àfi bí ẹ̀rọ bá sún mọ́ ọn. Tiyín kò kọjá gígùn apá kan.

Ẹni tó gbé fóònù wa ní kí a kúkú fi irin tútù sàmì sára wọn. Irin tútù a máa sọ irun di funfun, màlúù Fúlàní funfun sì ni tiwa. Ta ni yóò rí funfun lára funfun? Àfi kí a fi irin náà pẹ́ lára rẹ̀ títí irun ò fi ní hù mọ́. Níbo la ó sì ti rí náítírójìn olómi tí a ó fi mú irin náà tutù, tó tutù dé −196 °C, ní abúlé?

Ẹ kó 200 náà padà, kí ẹ fi èyí tí nọ́ńbà wọn kò jọra rọ́pò wọn, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó bá wọn mu. Ẹ dá owó ẹ̀rọ padà. Ẹ sì jẹ́ kí a mọ̀ bóyá ẹ ti ta nọ́ńbà kan náà fún àwọn ọlọ́sìn mìíràn lágbègbè yìí. Ọjọ́ 14 la fún yín. Márùn-ún lára àwọn tó já wà nínú àpò tí a fi ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,
Ẹgbẹ́ Ọlọ́sìn Màlúù.