Àkànní, má tíì yọ orúkọ ẹ kúrò ní kíláàsì akáúǹtì yẹn

Àkànní ọmọ mi,

Ìgbà tó o pè lálẹ́ àná pé o fẹ́ fi kíláàsì akáúǹtì sílẹ̀ torí kóòṣì ti fi kún àkókò prátíìsì bọ́ọ̀lù, mi ò lè fèsì dáadáa, kọ́sítọ́mà dúró síwájú mi. Àmọ́ oorun ò kùn mí. Láàárọ̀ yìí mo ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì ní ṣọ́ọ̀bù, ooru áyọ́ọ̀nù ń gbá mi lójú, Fritz Pollard, agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà àtijọ́ yẹn, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, ló kàn ń wá sí mi lọ́kàn, mo ní kí n yáa kọ ọ́ sílẹ̀ kó o lè máa tún un kà.

Chicago ni wọ́n bí i sí ní 1894, adúláwọ̀ bíi tiwa, kò ga, kò tóbi, bàbá ẹ̀ ń gẹrun. Ó wọ yunifásítì Brown ní 1915, owó ò sí lọ́wọ́ ẹ̀, ló bá ń lọ aṣọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ ẹ̀ kó lè rówó ná. Àkànní, iṣẹ́ tí mo fi ń san owó ilé wa nìyẹn o! Ní January 1, 1916, òun ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gbá Rose Bowl, ìdíje ńlá àwọn yunifásítì, yunifásítì Washington State nà wọ́n 14-0, ẹrẹ̀ ò jẹ́ kó lè sáré. Nígbà tó fi máa parí ọdún yẹn, Brown ti na àwọn yunifásítì ńlá, Yale àti Harvard, Pollard ló ṣáájú wọn.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀ ni bó ṣe ń ṣubú. Tó bá ti kanlẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ kejì á fẹ́ fo lé e lórí, kí wọ́n ṣe é léṣe, torí àwọ̀ ara ẹ̀ nìkan. Ló bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣubú: kíá á ti yí dojú sókè, á ká ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, á máa fi wọ́n wa afẹ́fẹ́ bí ẹni ń wa kẹ̀kẹ́, ẹni tó bá fẹ́ já lé e, ìsàlẹ̀ bàtà eléékánná yẹn ló máa pàdé.

Ibi tó ti dùn mí rèé. Bọ́ọ̀lù gba gbogbo àkókò ẹ̀, máàkì ẹ̀ já wálẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ ní kò lè gbá mọ́, ó sì kúrò láìgba dìgírì. Ọmọ tó mọ̀wé gan-an ni o, kẹ́místírì ló ń kọ́. Ó lọ sí ẹgbẹ́ Akron, wọ́n gba ife ní 1920, ní 1921 wọ́n fi í ṣe kóòṣì, kóòṣì adúláwọ̀ àkọ́kọ́ nínú líìgì àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù yẹn gbowó, tí wọ́n wá ń pè ní NFL, síbẹ̀ ṣọ́ọ̀bù sìgá ẹni tó ni ẹgbẹ́ náà ló ti ń pààrọ̀ aṣọ, àwọn tó wá wòran sì ń jù ú lókùúta. Láti 1934 títí di 1946, wọn ò gba adúláwọ̀ kankan láàyè nínú líìgì yẹn mọ́. Ká ní bọ́ọ̀lù nìkan ló gbójú lé ńkọ́?

Àmọ́ ó ti ń ṣòwò. Ó dá F.D. Pollard and Company sílẹ̀ ní Chicago, ó ń bá àwọn adúláwọ̀ fi owó wọn pawó, nígbà tí ọjà ìpín ìdókòwò dojú dé ní 1929 iṣẹ́ náà wó. Ó kó lọ sí New York, ó ta èédú, ó tẹ ìwé ìròyìn ní Harlem, ó ní ilé táwọn olórin ti ń dánra wò, nígbà tó dàgbà ó ń bá àwọn èèyàn ṣírò owó orí wọn. Ṣé o rí i? Ìṣirò náà ló padà bá a dọ́jọ́ alẹ́. Ó ti pé ọmọ ọdún 87 kí Brown tó fún un ní oyè dókítà àyẹ́sí, 1981 nìyẹn, ó kú ní 1986, ó di 2005 kí gbọ̀ngàn àwọn akọni bọ́ọ̀lù tó gbà á wọlé. Ó pẹ́ jù, ó bí mi nínú.

Mi ò sọ fún ẹ rí pé ṣọ́ọ̀bù mi àkọ́kọ́, ìwé owó ló pa á. Owó ń wọlé lójoojúmọ́, mo ń tò ó sínú páálí bàtà lábẹ́ tábìlì, mi ò mọ èyí tó jẹ́ tèmi àti èyí tó jẹ́ ti owó orí, ọjọ́ tí lẹ́tà ìjọba dé ni mo tó mọ̀ pé mo ti ná owó tí kì í ṣe tèmi. Mo bẹ ọ̀rẹ́ mi kan pé kó bá mi wò ó, òun náà ò mọ̀ ọ́n. Ìyá ẹ ta góòlù ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni ẹ́ nígbà yẹn.

Gbá bọ́ọ̀lù ẹ, mi ò ní dá ẹ dúró, inú mi máa ń dùn tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń pe orúkọ wa nínú gbohùngbohùn yẹn. Ṣùgbọ́n lọ bá kóòṣì lọ́la, sọ fún un jẹ́jẹ́ pé kíláàsì aago mẹ́jọ àárọ̀ yẹn ò ní yẹ̀, bi í bó o ṣe lè ṣe prátíìsì tó kù lálẹ́. Tó bá kọ̀, pè mí kó tó di Fúráìdè, mo máa gba ìsinmi, mo máa wakọ̀ wá. Ìyá ẹ ti di ẹ̀gúsí àti ata gígún sínú báàgì.

Bàbá ẹ