Ẹ fún àwọn ọmọ wa ní mílíìkì

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ń gbọ́ báwọn ọ̀dọ́ wa l'Ọ́fà níbí ṣe ń sọ̀rọ̀ ìlú ọba bíi pé àtìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni nǹkan ti rọ̀ wọ́n lọ́rùn lọ́hùn-ún. Irọ́ ni o, mo gbébẹ̀ ní kékeré. Ní 1955 bàbá mi ń kọ́ lọ́yà ní London, màmá mi ń kọ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n wá gbé mi fún ìyá òyìnbó kan nílùú kékeré kan ní Kent pé kó máa bá wọn tọ́ mi, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé níbẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn.

Ogun Àgbáyé Kejì ti parí láti 1945 àmọ́ ìyà ṣì wà nílẹ̀. Ibi tí bọ́ǹbù ti wó ilé la ti ń ṣeré, koríko ti hù láàárín bíríkì. Ẹ̀yìnkùlé ni ṣáláńgá wà, yàrá kan péré la máa ń dáná èédú sí, tó bá di ìgbà òtútù yìnyín á bo fèrèsé látinú ilé. Ọjọ́ Sátidé la máa ń wẹ̀, nínú báàfù páànù níwájú iná, omi kan náà ni gbogbo wa ń wẹ̀ tẹ̀léra.

Àǹtí, bí mo ṣe ń pe ìyá náà nìyẹn, ṣì tọ́jú ìwé ráṣọ̀n ẹ̀, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń gba oúnjẹ tí ìjọba ń wọ̀n fún wọn. Láti 1940 nìjọba ti ń wọn oúnjẹ bíi bọ́tà àti ṣúgà fún wọn, ó di 1954 kó tó tán pátápátá, kódà búrẹ́dì tí wọn ò wọ̀n nígbà ogun, ẹ̀yìn ogun ni wọ́n wá ń wọ̀n ọ́n, 1946 sí 1948! Ọmọ Àǹtí tó jù mí lọ máa ń ròyìn fún mi bí inú àwọn ọmọdé ṣe dùn tó nígbà tí súwíìtì bọ́ lọ́wọ́ ráṣọ̀n ní 1953.

Nínú gbogbo ìyẹn náà, láti 1946, wọ́n ń fún gbogbo ọmọ iléèwé ní mílíìkì lófẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́, ìgò kékeré, ìdá kan nínú mẹ́ta páìǹtì. Ọmọ olówó ń mu, ọmọ tálákà ń mu, èmi tí mo jẹ́ aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo ní kíláàsì náà ń mu, ẹnikẹ́ni ò bi mí pé ọmọ ta ni mí. Tó bá dì nítorí òtútù, tíṣà á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná kó yọ́. Ìlú tó jẹ Amẹ́ríkà ní gbèsè ló ń ṣe gbogbo èyí o, gbèsè tí wọn ò san tán títí di ìparí 2006.

Ẹ wá wo Kwara wa. Màlúù pọ̀ níbí, àwọn ìyá Fúlàní ń ru wàrà àti nọ́nọ̀ káàkiri Ìlọrin àti Ọ̀fà láràárọ̀, àwọn ọmọ wa sì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lọ síléèwé pẹ̀lú inú òfìfo, ó ń dùn mí gan-an ni. Kí ló dé tí káńsù ò lè máa ra mílíìkì lọ́wọ́ àwọn ìyá yìí, kí wọ́n sè é dáadáa, kí wọ́n bu ife kọ̀ọ̀kan fọ́mọ pírámárì kí tíṣà tó wọlé? Ẹ fi ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní bẹ̀rẹ̀ tówó ò bá tó. Ẹ̀yin alága káńsù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e wò kí sáà iléèwé tó ń bọ̀ tó wọlé.

Ìyá àgbà kan,
Ọ̀fà, Ìpínlẹ̀ Kwara