Ọmọ mi, kó o tó lọ síbi íńtáfíù yẹn

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí mẹ́sẹ́ẹ̀jì ẹ pé wọ́n ti pè ẹ́ fún íńtáfíù, inú mi dùn gan-an ni. Mo mọ̀ pé ìwé lo ń kà ṣáá láti ìgbà yẹn, ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìwé nìkan kọ́ ni wọ́n fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹ o. Kí wọ́n tó pe èèyàn, wọ́n ti rí sẹ́ẹ̀tífíkéètì ẹ̀, ohun tó kù tí wọ́n ń wò ni pé ṣé a lè bá ẹni yìí ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kórí má fọ́ wa.

Wọ́n á bi ẹ́ ní nǹkan bíi, "Sọ ìgbà kan tí ìwọ àtẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ò gbọ́ra yín yé." Má wulẹ̀ sọ pé kò sẹ́ni tí ò bá ẹ rẹ́, kò sẹ́ni tó máa gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kan wà téèyàn lè gbà dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní STAR: kí ló ṣẹlẹ̀, kí niṣẹ́ tìẹ níbẹ̀, kí lo ṣe, ibo ló já sí. Ìkẹta yẹn gan-an lọ̀pọ̀ máa ń sáré kọjá, wọ́n á máa sọ pé "a ṣe báyìí, a ṣe tọ̀hún", ẹni tó ń gbọ́ ò wá ní mọ èyí tí ìwọ fọwọ́ ara ẹ ṣe. Iṣẹ́ grúùpù tẹ́ ẹ ṣe nílé ìwé yẹn, tẹ́nì kan ò fi tiẹ̀ sílẹ̀, tó o lọ bá a jókòó dípò kó o lọ fẹjọ́ ẹ̀ sùn, ìyẹn ni kó o sọ. O sọ ọ́ fún mi nígbà yẹn bíi pé kì í ṣe nǹkan kan, nǹkan ńlá ni jàre.

Ti pé kó o tètè dé, kó o múra dáadáa, mi ò ní sọ̀yẹn, o ti mọ̀ ọ́n látilé. Tó bá jẹ́ orí fídíò ni, ṣáà tètè wò ó bóyá nẹ́tíwọ̀kì àti máìkì ẹ ń ṣiṣẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kó o dì mú jù, tí wọ́n bá ti gbà ẹ́, ni pé má jẹ́ kí ọ̀gá ẹ máa bi ẹ́ kó tó mọ ibi tíṣẹ́ dé. Ká ní wọ́n ní kó o fi rípọ́ọ̀tù kan sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ó wá di Ọjọ́rú, ẹni tó yẹ kó fún ẹ ní àkọsílẹ̀ owó ò tíì fún ẹ. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ á dákẹ́, wọ́n á máa gbàdúrà pé kó dé, tó bá wá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹjọ́. Ìtẹríba kọ́ nìyẹn, ìbẹ̀rù ni. Lọ́jọ́rú yẹn gan-an, kọ̀wé sí wọn báyìí:

"Ẹ káàárọ̀ sà. Mo ti parí apá méjì àkọ́kọ́ nínú rípọ́ọ̀tù yẹn. Àkọsílẹ̀ owó ò tíì dé, mo ti bi wọ́n lánàá, mo tún bi wọ́n láàárọ̀ yìí. Tí ò bá dé títí ọ̀la, ṣé kí n fi èyí tó wà nílẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, kí ìyókù tẹ̀ lé e lọ́jọ́ Ajé?"

Wò ó, kò sí àwáwí níbẹ̀, o ò sì sọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni láìdáa. Ọ̀gá mọ ibi tíṣẹ́ dé, ó mọ ohun tó dá a dúró, ó mọ̀ pé o ò káwọ́ gbera, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ló kù kó fi dá ẹ lóhùn.

Google bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní 2012 tí wọ́n pè ní Project Aristotle, wọ́n wo tíìmù tó lé ní 180 nínú iléeṣẹ́ wọn láti mọ ohun tó ń mú kí ọ̀kan ṣe dáadáa ju èkejì lọ. Kì í ṣe bí wọ́n ṣe lọ́pọlọ tó ló ta yọ, bí kò ṣe pé kéèyàn lè béèrè ìbéèrè, kó lè sọ pé òun ṣàṣìṣe, láìsí pé wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Má wá rò pé àwọn ọ̀gá nìkan niyẹn wà lọ́wọ́ wọn o. Tẹ́nì kan bá béèrè ohun tó hàn gbangba ní mítìnì, tí gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín, ìwọ dá a lóhùn bó ṣe yẹ.

Tí wọ́n bá sì rán ẹ níṣẹ́, kọ ọ́ sílẹ̀, kó o tún un sọ fún wọn kó o tó kúrò níbẹ̀, ó lè jọ iṣẹ́ ọmọdé, àmọ́ ó ń gba èèyàn lọ́wọ́ àtúnṣe ọjọ́ méjì.

Ó ku ti ìbáwí. Mo mọ̀ ẹ́, ẹnu ẹ yá, bàbá ẹ lo jọ níbẹ̀, kì í ṣèmi. Tí wọ́n bá ní iṣẹ́ ẹ ò dáa tó, má tíì ṣàlàyé, bi wọ́n pé "Èwo ni kí n kọ́kọ́ tún ṣe?" Tó bá jẹ́ lórí WhatsApp ni wọ́n ti múnú bí ẹ, má fèsì lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Màá pè ẹ́ lórí fídíò lálẹ́ ọ̀la, èmi ni màá ṣe ọ̀gá. Wá ìtàn méjì mí-ìn kún ti grúùpù yẹn, torí mi ò ní ṣojúsàájú o.

Màmá ẹ