Ẹ gbé ìlù jáàsì yẹn kúrò níbi ìrántí Bill Monroe

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Inú ń bí mi, ẹ má sì ní kí n mú sùúrù. Ìkéde tó jáde nínú ìwé ìròyìn yín lóṣù tó kọjá ló tàn mí. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé ayẹyẹ orin bluegrass kan, orin tí wọ́n ń fi báńjò, máńdólíìnì, gòjé òyìbó àti gìtá tí kò gba iná kọ, ń bọ̀ ní Kentucky níbí, níbi tí èmi àti ìdílé mi ń gbé, pé ìrántí Bill Monroe, bàbá orin náà, ni, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé ijọ́un gan-an ni wọn yóò ṣe é. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin. Mo gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, èmi awakọ̀ tírélà tó jẹ́ pé ọjọ́ tí mi ò bá wakọ̀, owó ò wọlé. A débẹ̀, ohun tí ojú mi kọ́kọ́ bá lórí pèpéle ni ìlù jáàsì, odindi, irú èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nílé. Gìtá oníná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Sípíkà gogoro-gogoro wà lọ́tùn-ún lósì.

Ìlù jáàsì, níbi ìrántí Bill Monroe!

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa fi mí rẹ́rìn-ín: ọmọ Yorùbá ló ń ní kí wọ́n gbé ìlù kúrò nílẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni o. Èmi àti ìlù ò níjà. Ṣùgbọ́n orin tí à ń wí yìí ti ní ìlù tirẹ̀ nínú láti ìbẹ̀rẹ̀, etí àwọn tó ṣètò ayẹyẹ náà ni kò gbọ́ ọ. Béèsì ńlá onígi, èyí tí èèyàn ń dúró ta, á ní "dù". Máńdólíìnì, ohun èlò olókùn tó dà bíi gìtá kékeré, á dá a lóhùn, "ṣá". Dù-ṣá, dù-ṣá, títí orin á fi parí. Bí ẹni tó ń ta máńdólíìnì bá ti ta okùn tán, kíá ló ń dẹ ọwọ́ òsì kí ohùn má baà fà. "Ṣá" yẹn gan-an ni ìlù. Ẹni tó bá tún wá gbé ìlù jáàsì lé e lórí, ó dé fìlà lé gèlè.

Rédíò inú tírélà ló mú mi mọ orin yìí, lóru, lójú ọ̀nà Nashville sí Louisville, nígbà tí oorun ń kùn mí. Mo kọ́kọ́ rò pé orin àwọn àgbẹ̀ òyìbó lásán ni. Ohùn Bill Monroe ló jí mi: ó ga, ó mú, ó dà bí ẹni tó ń pe èèyàn láti òdìkejì odò. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ìtàn rẹ̀ kiri.

Rosine ni wọ́n bí i sí, ìlú kékeré kan ní Kentucky yìí, ní 1911. Òun ni àbígbẹ̀yìn nínú ọmọ mẹ́jọ. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gba gòjé òyìbó àti gìtá, máńdólíìnì tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ ló kù fún un. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, bàbá rẹ̀ náà kú ní 1928, ló bá lọ ń gbé lọ́dọ̀ arákùnrin ìyá rẹ̀, Pen Vandiver, tó máa ń ta gòjé níbi ijó lábúlé. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Charlie jọ kọrin títí wọ́n fi túká ní 1938. Ó wá kó ẹgbẹ́ tirẹ̀ jọ, ó sọ ọ́ ní Blue Grass Boys nítorí Bluegrass State, orúkọ àlàjẹ́ ìpínlẹ̀ tí wọ́n bí i sí. Ní oṣù kẹwàá 1939, ètò rédíò Grand Ole Opry ní Nashville gbà wọ́n wọlé, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́ títí ó fi kú ní oṣù kẹsàn-án 1996. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọdún 57 ni èèyàn kan fi darí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Ó lé ní 150 olórin tó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ọdún 1996 yẹn kan náà ni I.K. Dairo tiwa lọ, tí ẹgbẹ́ tirẹ̀ ń jẹ́ Blue Spots. Mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni.

Nígbà kan, tẹ́ǹtì ni ẹgbẹ́ Monroe ń gbé kiri láti ìlú dé ìlú. Wọ́n á bá àwọn ọmọ ìlú gbá bésíbọ́ọ̀lù lọ́sàn-án, wọ́n á wọ kóòtù àti táì kọrin lálẹ́. Earl Scruggs, tó ń fi ìka mẹ́ta ta báńjò bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù, inú ẹgbẹ́ yìí ló ti jáde. Nígbà tí òun àti Lester Flatt fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1948, ó lé ní ogún ọdún tí Monroe ò fi bá Flatt sọ̀rọ̀. Alágídí ni. Nígbà tí àtúnṣe tí Gibson, iléeṣẹ́ tó ṣe máńdólíìnì rẹ̀, bá a ṣe sí i ò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ọ̀bẹ ló fi ha orúkọ wọn kúrò lórí rẹ̀. Ẹni tó lè bínú báyìí nítorí àtúnṣe máńdólíìnì, kí ni ì bá ṣe ká ní ó jí ní Sátidé tó kọjá, tó bá ìlù jáàsì lórí pèpéle tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí?

Àwọn kan á sọ fún mi pé Monroe fúnra rẹ̀ ní àkọ́díọ̀nù nínú ẹgbẹ́ láyé ogun Hitler. Mo mọ̀. Sally Ann Forrester ló ń tẹ̀ ẹ́. Àkọ́díọ̀nù ò gba wáyà. Wọ́n á ní ìlù wọ inú àwo rẹ̀ díẹ̀ ní 1951. Òótọ́ ni, wọ́n dán an wò, kò sì tọ́jọ́. Àwọn mìíràn á dárúkọ Elvis Presley, tó sáré kọ "Blue Moon of Kentucky", orin Monroe, ní 1954. Elvis ò sọ pé bluegrass lòun ń kọ, kò tilẹ̀ sí ìlù jáàsì nínú àwo yẹn, ẹ lọ gbọ́ ọ. Orin yìí kan náà ni ìjọba Kentucky sọ di orin bluegrass ìpínlẹ̀ ní 1988. Wọ́n kọ ọ́ ní Sátidé, onílù ń gbá a mọ́lẹ̀ gbì-gbì, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀.

Ìlù nìkan kọ́. Atọ́kùn ètò gba máìkì, ó ní láti Scotland àti Ireland ni orin yìí ti wọkọ̀ ojú omi wá, ó tán. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, yíjú sí mi: "Dádì, àwa ńkọ́?" Arnold Shultz ńkọ́? Ọkùnrin dúdú, awakùsà èédú, ọmọ ẹni tó ti ṣẹrú rí, tó ń ta gìtá àti gòjé ní agbègbè Rosine. Monroe bá a ta orin níbi ijó nígbà èwe rẹ̀, ó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọ̀dọ̀ Shultz ni blues, orin àwọn èèyàn dúdú Amẹ́ríkà, tó wà nínú orin òun ti wá. Báńjò fúnra rẹ̀ ńkọ́? Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà ló mú ìmọ̀ rẹ̀ wá. Títí dòní, àwọn Jola ní Senegal àti Gambia ń ta akonting: igbá tí wọ́n fi awọ bò, tí ọ̀pá gùn jáde lára rẹ̀. Kì í ṣe Yorùbá ló ni ín, mi ò ní purọ́ fún ọmọ mi. Ṣùgbọ́n èèyàn dúdú ló ni ín.

Èyí tó wá dùn mí jù ni ti ẹgbẹ́ kan ṣoṣo tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Bàbá arúgbó kan ló ṣáájú wọn, àkẹtẹ̀ lórí, táì lọ́rùn nínú oòrùn yẹn. Wọ́n ní ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti ń darí wọn. Èèyàn márùn-ún, máìkì kan láàárín. Aago méjìlá ọ̀sán ni wọ́n ní kí wọ́n gun pèpéle, ogún ìṣẹ́jú péré, nígbà tí àwọn èèyàn ṣì ń wá ibi tí wọ́n máa páàkì ọkọ̀ sí. Àwọn onílù jáàsì ni wọ́n fi alẹ́ sílẹ̀ fún. Irú àwọn ọ̀gá báyìí ò lóǹkà, níbi ayẹyẹ, nílé rédíò, ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń pín owó: orúkọ òkú ni wọ́n fi ń tajà, orin òkú ni wọn ò fẹ́ gbọ́.

Àbá mi ò le. Máìkì kan ṣoṣo. Kí wọ́n ṣòfin pé ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kọrin níbi ìrántí Bill Monroe, máìkì kan ni yóò lò, láàárín, kó ga dé àyà, kò gbọdọ̀ sí wáyà mìíràn. Èyí nìkan á lé ìlù jáàsì lọ láìjà láìta. Bí onílù bá lù ú nídìí máìkì kan, òun nìkan la ó máa gbọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an ni yóò kọ́kọ́ lé e. Béèsì á dúró lẹ́yìn. Ẹni tó kàn á sún mọ́ máìkì, bó bá ta tirẹ̀ tán á yẹ̀bá kí ẹlòmíì wọlé. Onígòjé á gbé ọrun rẹ̀ sókè kó má baà fi gún ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú. Bó bá di ègbè, mẹ́ta á forí korí bí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ àṣírí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn nígbà tí Flatt àti Scruggs wà níbẹ̀. Ọmọkùnrin mi kékeré, tí kì í jókòó jẹ́ẹ́, kò mira fún ogún ìṣẹ́jú tí bàbá arúgbó yẹn fi kọrin. Olórin á sì máa gbọ́ ara wọn, torí kò sẹ́ni tó máa yí bọ́tìnì láti fi borí ẹnì kejì. Wọn ò ní háyà sípíkà gogoro, owó á kù lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá tún ní àwọn ò lówó máìkì, èmi á rà á. Mo ti béèrè iye rẹ̀.

Kí wọ́n fún àwọn àgbà ní alẹ́. Kí wọ́n dárúkọ Arnold Shultz. Dọ́là márùn-ún fún omi inú ike kan, ìrẹ́jẹ ni.

Ní tiyín, Olóòtú, bí wọ́n bá tún gbé irú ìkéde bẹ́ẹ̀ wá, kí ẹ tó gba owó wọn, ẹ pè wọ́n lórí fóònù, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan péré: máìkì mélòó?

Èmi ni tiyín,
Awakọ̀ tírélà kan, Kentucky, Amẹ́ríkà